Kánsẹ́lọ̀ Tó Ti Kànga Ilé-Ìwé Pa

"Òkú Bàbá yín ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ o, Ìyá Fàwásì. Ẹ má jẹ́ ká jí wọn."

Ohun tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè abúlé wa sọ fún mi nìyẹn ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Kò pariwo. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó tilẹ̀ bá mi mú abẹ́rẹ́ kan tó já bọ́ nílẹ̀, ó fi í lé orí tábìlì. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, pé mò ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣí kànga onípọ́ńpù tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ó ní ẹni tó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ ti ra irin tó sọnù nínú pọ́ńpù náà, pé òun ni yóò kọ́kọ́ fa omi níbẹ̀ ṣáájú ìdìbò. Bí mo bá tún sọ̀rọ̀, àwọn náà yóò sọ tàwọn nípa bàbá mi àgbà.

"Kí ni ẹ fẹ́ sọ?" mo bi í.

"Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ náà ni. Pé wọ́n fi omi du ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìbò."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní ilé-ìwé yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Bí ẹnì kan yóò bá jí Bàbá, èmi ọmọ ọmọ wọn ló yẹ kó jí wọn, nítorí èmi yóò sọ èyí tó dára, n ó sì sọ èyí tí kò dára.

Yésúfù Àkànní ni orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Àwọn àti ìyá mi àgbà ni wọ́n tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìdí-Ahùn, abúlé wa tó wà lọ́nà oko tí a bá ti kọjá Erunmu. Wọ́n ṣe kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, wọ́n fìdí rẹmi. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kú. N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀, n kì í sì í fẹ́ sọ ohun tí n kò rí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ìyẹn. "Ta ló rí i?" ni èsì wọn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sáré wá sọ pé òjò ti wó ògiri mọ́sálásí, wọ́n á ní, "Ta ló rí i?" Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan bí ìbejì ní Erunmu, wọ́n á ní, "Ta ló rí i? Ṣé ìwọ ni, àbí ẹni tó sọ fún ẹ?" Àwọn ọmọdé ń pè wọ́n ní Bàbá Ta-ló-rí-i lẹ́yìn wọn. Ìyá mi àgbà kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá yí ẹ̀yìn padà. Ojú wọn náà ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́ fún àlejò pé, "Ọkọ mi ò ní gbà pé ilẹ̀ ti mọ́ àfi tó bá rí ẹlẹ́rìí méjì, kò sì ní ka àkùkọ mọ́ wọn."

Mo rántí ọjọ́ tí ìjọba kó bẹ́ńṣì tuntun wá fún ilé-ìwé. Agbaṣẹ́ṣe tó kó wọn wá ti wọ agbádá, ó ti mú ayàwòrán dání. Ó kù kí Bàbá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti gba bẹ́ńṣì. Wọn kò fọwọ́ sí i. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́, wọ́n fi ìdí jó díẹ̀ lórí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n dìde, wọ́n lọ sórí ìkejì.

Agbaṣẹ́ṣe náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa jókòó sí ni?"

"Mo ti jẹun kí n tó wá," ni Bàbá dá a lóhùn.

Mẹ́ta kán lábẹ́ wọn. Ìkẹta jù wọ́n sílẹ̀, a sì sáré gbé wọn dìde. Àwọn olùkọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò wọn, wọ́n ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń sọ pé òun yóò kàn án ní ìṣó. Wọ́n ní, "Àga tí kò lè gba ìdí kánsẹ́lọ̀, ọmọ tálákà ò gbọdọ̀ jókòó sí i."

Bákan náà ni wọ́n ṣe sí àwọn tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Ìdúró ni àwọn ìyá wà lórí ìlà, èmi náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi lẹ́yìn. Bàbá lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí wọ́n ṣí kúlà. Bàbá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọwọ́ wọn jáde ní gbígbẹ. "Yìnyín dà?" Nọ́ọ̀sì àgbà ní ó ti yọ́ lọ́nà. Bàbá ní kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n mú òmíràn wá. Àwọn obìnrin kùn, nítorí oòrùn ti pa wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú yìnyín. Láti ọjọ́ tí mo ti di ìyá ọmọ ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ inú kúlà kí wọ́n tó gún àwọn ọmọ mi. Àwọn nọ́ọ̀sì kò fẹ́ràn mi. N kò bínú sí wọn.

Bàbá kì í dá ẹjọ́ nínú ilé. Ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá, wọn yóò gbọ́ ọ lórí ìdúró, wọn yóò wọ bàtà, wọn yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀." Wọ́n lè rìn dé oko ẹnì kan nínú oòrùn nítorí ẹjọ́ tí ẹlòmíràn yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún dá. Ìyàwó kan ní abúlé wa fi ẹ̀sùn kan orogún rẹ̀ pé ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ òun run. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn dé inú oko. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo igi ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n wo òmíràn. Wọ́n nàró, wọ́n bi olùpẹ̀jọ́ pé, "Ewúrẹ́ wo ló ń fi àdá jẹun?"

Òótọ́ ni. Àdá ni wọ́n fi gé e. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e kó lè rí nǹkan sọ nípa orogún rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ilé, wọ́n sì ń bi ara wọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn bóyá ewúrẹ́ wọn ti pọ́n àdá. Nígbà tí mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n fi máa ń rìn tó báyẹn, wọ́n ní, "Ẹnu a máa yí, Àsàbí. Ilẹ̀ kì í yí."

Ohun mìíràn wà tí n kò lóye rẹ̀ nígbà náà. Wọn kì í mu omi níta. Ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, ike omi wọn láti inú kànga ilé wa ni wọ́n máa ń gbé dání nínú àpò ọ̀rá dúdú. Ó ń bí àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ wọn nínú. Ọ̀kan nínú wọn bi wọ́n lójú gbogbo ènìyàn pé, "Kánsẹ́lọ̀, ṣé ẹ rò pé a fẹ́ fún yín ní májèlé ni?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí omi mi ti wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Èmi rò pé ọ̀tá ni Bàbá ń bẹ̀rù. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo fi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pọn omi sínú ike mi láràárọ̀. Kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n, àwọn ènìyàn ń dúró dè wọ́n lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé, wọ́n á ní kí wọ́n ní sùúrù, kí àwọn kọ́kọ́ pọn omi ọmọ. Mo rò pé ìfẹ́ nìkan ni.

Ilé-ìwé yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó sọ wọ́n di olóyè lójú ará abúlé. Kí àwọn tó di kánsẹ́lọ̀ rárá, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ títí wọ́n fi gbà láti kọ́ ọ. Àwọn ni wọ́n tún wá ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ni, níbi tí sítọ́ọ̀ kòkó wà tẹ́lẹ̀ kó tó wó. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Nítorí ilé-ìwé yẹn ni wọ́n ṣe dìbò fún Bàbá nígbà àkọ́kọ́. Bí a bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, wọ́n máa ń dúró, wọ́n á ní, "Kí n tó kú, mo fi ibì kan sílẹ̀ tí ọmọ yóò ti mọ̀wé jù mí lọ."

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ kànga.

Mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ìwé girama. Bàbá ń ṣe sáà kejì wọn, wọ́n sì wà ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ọnọ́rébù kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló fi àsìkò yẹn gbẹ́ kànga onípọ́ńpù sínú ọgbà ilé-ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i gan-an ni Bàbá dé, bàǹdéèjì ṣì wà ní ojú wọn kan. Ilẹ̀ kún fún ènìyàn. Ọnọ́rébù náà ṣe bí ọmọlúàbí. Ó ní kánsẹ́lọ̀ ló ni ilé, òun ni kí ó kọ́kọ́ mu. Ó bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo rí ojú wọn tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n wo ife. Wọ́n wo ògiri ilé-ìwé. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n bi ẹni tó gbẹ́ kànga náà pé, "Ẹ̀yin lẹ yan ibí yìí?"

"Ẹ̀rọ wa ló sọ pé omi wà níbẹ̀, Bàbá."

Bàbá da omi náà sílẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ní "Háà!" Ọnọ́rébù ní, "Kánsẹ́lọ̀, ṣé ẹ̀tanú náà ló tó báyìí?"

"Omi yìí ò dára," ni Bàbá sọ.

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló rí i?" Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó wà lórí igi pàápàá rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣéènì àti àgádágodo wà lára pọ́ńpù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ọrùn wọn. Wọ́n gbé àpótí lọ síbẹ̀, wọ́n ń jókòó tì í láti ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé títí yóò fi jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n ní ìdí, èsì kan náà ni: "Mo ní kò dára."

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa wá pọn omi ní kànga ilé wa. Àwọn ènìyàn ní nítorí kí gbogbo abúlé lè máa bẹ̀ wọ́n ni. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi lódò ń kọrin kọjá níwájú ilé wa: "Kánsẹ́lọ̀ tì í pa, òùngbẹ ń gbẹ wá." Ìyá mi àgbà kò jáde síta fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n dìbò, Bàbá sì fìdí rẹmi ní gbogbo ibùdó ìdìbò, títí kan èyí tó wà ní iwájú ilé wa. Kánsẹ́lọ̀ tuntun gé àgádágodo náà. Omi kò jáde. Bàbá ti yọ irin inú pọ́ńpù náà, wọ́n sì ti jù ú sínú ṣáláńgá. Kánsẹ́lọ̀ tuntun ní òun yóò ra òmíràn, kò sì rà á, báyìí ni ó ṣe wà láti ìgbà náà.

Ojú ń tì mí láti jẹ́ ọmọ ilé wọn. Mo gba ohun tí àwọn ènìyàn sọ gbọ́, pé owú ló ń jẹ wọ́n. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fa kànga ilé wa gbẹ, tí mo ru omi ti odò dé, tí ọrùn ń dùn mí, pé, "Bàbá, ṣé nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ yín ló gbẹ́ ẹ ni?"

Wọ́n sọ garawa náà kalẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Máa bínú sí mi. Ìbínú kì í pa ọmọ."

Mo bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo lọ́kọ, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo bímọ mẹ́ta, mo sì padà wá sí Ìdí-Ahùn. Bí mo ṣe ń kí wọn ní àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣọ́ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnikẹ́ni tí n kì í bi ara mi ní èrè tí wọ́n ń wá nídìí rẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti lọ sílé, wọ́n ní, "Àsàbí, bá mi pe márúwá. Jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Mo rò pé ilé ìwòsàn ni. Ilé-ìwé ni wọ́n ní kí ó gbé wa lọ. A sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí onímárúwá máa dúró dè wá lójú títì. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀yìn ògiri kíláàsì.

"Ibí ni sítọ́ọ̀ kòkó wà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ìdí ògiri yẹn la gbẹ́ ihò náà sí."

"Ihò kí ni, Bàbá?"

"Oògùn kòkó. Èyí tí à ń fín sí kòkó látijọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àgírìkì ìjọba wá, wọ́n ní ká má lò ó mọ́, pé ó burú. Wọ́n ní ká kó o pa mọ́, àwọn ń bọ̀ wá kó o. Wọn ò wá. Agolo bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ká sin ín."

"Agolo mélòó?"

"Mẹ́rìnlá ló kún. Èyí tó ń jò, n ò kà á."

Wọ́n ní nígbà náà, gbogbo àgbẹ̀ gbà pé ohun tí ilẹ̀ bá ti bò mọ́lẹ̀ ti parí. Òkú ni à ń sin, òkú kì í sì í padà wá. Nígbà tí wọ́n ń wá ilẹ̀ ilé-ìwé, wọ́n rántí ihò náà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún ara wọn pé àwọn ọmọ kò ní jẹ ilẹ̀, wọn kò ní mu ilẹ̀, wọn yóò kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Kò sí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ mìíràn. Wọ́n gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi èmi náà síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà."

"Mo fi ọ́ síbẹ̀. Ike omi rẹ, ta ló ń pọn ọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa."

Kò dáa. Mo sọ ọ́ fún wọn pé kò dáa. Mo bi wọ́n ní ohùn tí n kò lò fún wọn rí pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún abúlé, tí wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kọrin bú wọn, kí wọ́n sì máa rò pé ẹ̀tanú ni. Onímárúwá tẹ fèrè, Bàbá sì gbé ọ̀pá sókè sí i pé kó dúró. Wọ́n wá ní, "Ojú tì mí. Nígbà tí kò tì mí mọ́, ó ti pẹ́."

Mo ti yí gbólóhùn yẹn wò ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó ń wá ire àwọn ọmọ ló ti kànga pa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀ náà ló pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, àwọn òbí ìbá ti kó ọmọ kúrò ní ilé-ìwé tí wọ́n fi ń yìn wọ́n. Wọ́n mọ̀. N kò lè sọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì lọ́kàn wọn, n kò sì ní tìtorí pé wọ́n ti kú kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ikú wọn, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ ti ra irin tuntun fún pọ́ńpù náà, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tépù ìránṣọ mi. Láti ibi tí Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí títí dé ẹsẹ̀ pọ́ńpù, tépù náà tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ bàtà márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Ó ní, "Ìyá Fàwásì, ta ló rí i?" N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, mo mú un lọ fúnra mi, mo sì ní kí akọ̀wé wọn fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Títí di òní, kò sí ẹni tó wá.

Nítorí náà, mo wá ẹlẹ́rìí. Bàbá ti sọ fún mi pé àwọn mẹ́rin ló gbẹ́ ihò náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, Bàbá Múrí, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Erunmu. Mo bá wọn lórí ẹní níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí wọn, mo sọ ọmọ tí mo jẹ́ fún wọn. Mo béèrè ọ̀rọ̀ oògùn náà.

"Oògùn wo? N ò mọ nǹkan kan."

Ọmọ wọn ní kí n má yọ bàbá òun lẹ́nu, pé wọn kò rántí nǹkan mọ́. Mo ní kò burú. N kò dìde. Mo bá wọn ṣa ẹ̀wà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣa gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn kò sì wo ojú mi.

"Àkànní ló ní ká gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ mi la fi gbẹ́ ẹ." Wọ́n ṣa ẹ̀wà kan dànù. "Ṣé wọ́n fẹ́ wá mú mi ni?"

"Rárá, Bàbá. Ọmọ mi ni mò ń wò."

"Ọmọ mélòó ni?"

"Mẹ́ta."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Abà wo ló wà ní gbogbo ọ̀nà yìí tó ní sítọ́ọ̀ kòkó tí kò sin tiẹ̀?"

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kan ni. Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè rí kànga tuntun kan lójú ọ̀nà kí n má béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá ní ibi ìpolongo ìbò yín, mo ti bá yín sọ ọ́, mo sì ti fi èyí tí ẹ kò mọ̀ kún un. N kò sọ pé oògùn náà ti dé inú omi. N kò mọ̀. Bàbá náà kò mọ̀. Ẹni tó bá mọ omi yẹ̀ wò nìkan ló lè sọ, kí ó sì wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ kankan tó gbé ife sẹ́nu. Bí ó bá dára, èmi ni n ó kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo abúlé. Bí wọ́n bá ṣí i láìyẹ̀ ẹ́ wò, n ó gbé àpótí lọ síbẹ̀ bí àwọn náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n èmi yóò sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwọn abà yòókù, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí bàbá yín, tàbí bàbá yín àgbà, bá ti dá oko kòkó rí, ẹ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè fèsì, ibi tí wọ́n sin àwọn agolo yẹn sí. Ẹ má pariwo mọ́ wọn, ẹ má sì dá wọn lẹ́jọ́ níwájú ọmọ. Ẹ ri òpó kan mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga àti àwọn tó ń kọ́lé. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rántí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀ sí i.